Ilẹ̀ Àbàtà Dà Bí Gàrí Inú Àpò

Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta lọ sí Mákòkó, tàbí tí ó gba Bàrígà lọ sí etí ọ̀sà, kò ní í ṣàìrí ohun kan tí ó ti di ìṣe ní etí omi Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Baálé ilé kan yóò ra ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé omi ni ìdajì rẹ̀, ẹrẹ̀ ni ìdajì kejì. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ní í ká yanrìn ogún típà, nítorí náà yóò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ń fi ọmọlanke kó pàǹtí, yóò sì bá àwọn tí ń la pákó ní sọ́míìlì sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá a kó lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń já sílẹ̀. Pàǹtí yóò lọ sísàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó yóò tẹ̀ lé e, yanrìn díẹ̀ yóò sì bo gbogbo rẹ̀ lójú, bí ẹni tí ó fi àtíkè pa ojú egbò. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ti lè tẹ̀ ẹ́ láìrì ni bíríkìlà yóò ta okùn ìpìlẹ̀.

Ọdún kìíní, ilé dúró. Ọdún kejì, ilẹ̀kùn tí ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kí ó tó di ọdún karùn-ún, igun ilé kan ti lọ sílẹ̀, ògiri ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi òjò tí ó máa ń gba iwájú ilé kọjá sì ti ń wọ yàrá, nítorí pé ilé náà ti relẹ̀ ju ojú títì lọ. Baálé ilé á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Bíríkìlà á ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n rà ni kò dára. Kò sí ẹni tí yóò bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé ó lòdì láti fi igi, èèpo, tàbí ohun tí aráyé ti sọ nù mú ilẹ̀ rírọ̀ le. Àwọn ará ibòmíràn ti ṣe é, ọkọ̀ rélùwéè sì ń gba orí rẹ̀ kọjá di òní olónìí. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn yẹn rán igi náà níṣẹ́ pàtó, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò kú. Ẹni tí ó da lẹ́búlẹ́bú pákó sínú omi Èkó kò rán an níṣẹ́ kankan ju pé kí ó gba àyè lọ.

Kí ni ó tilẹ̀ ń jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀? Obìnrin tí ń ṣe gàrí mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ akọ́lé lọ. Bí ó bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, tí ó dì í sínú àpò, ọwọ́ tí ó bá kan àpò náà yóò mọ̀ pé ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Bí wọ́n bá ju òkúta ńlá lù ú lójijì, yóò wú sí ẹ̀gbẹ́, bí àpò náà bá sì ti gbó, yóò bẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to òkúta lé e díẹ̀díẹ̀, omi yóò máa kán tó, tó, tó, títí di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ohun tí ó kù nínú àpò yóò sì wá le gbandi. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún un. Omi ni ó jáde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni amọ̀ abẹ́ àbàtà rí. Omi ni ó pọ̀ jù láàrin rẹ̀, ihò tí omi náà lè gbà jáde sì kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí ọjọ́ mẹ́ta ń ṣe fún ẹ̀gẹ́, ọdún mẹ́wàá lè má ṣe é tán fún amọ̀ tí ó jìn. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ń dúró ní ọdún kìíní tí ó sì ń rì ní ọdún karùn-ún: ilé náà ni òkúta orí àpò, omi abẹ́ rẹ̀ sì ń kán lọ láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Karl Terzaghi, ọmọ ilẹ̀ Austria kan tí ó lọ ń kọ́ni ní Istanbul, ni ó fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1925, òun sì ni àwọn ẹnjiníà káàkiri ayé ń pè ní bàbá ìmọ̀ nípa ilẹ̀. Kò rin ẹ̀gẹ́ rí o, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá onígàrí ti rí tipẹ́ ni òun náà rí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mú ilẹ̀ rírọ̀ le gbọ́dọ̀ wá àpò tí yóò ká a mọ́ra, kí ó wá ọ̀nà àbájáde fún omi, kí ó sì fi sùúrù gbé ẹrù lé e. Ohun tí wọn yóò fi ṣe àpò náà kò ní kí ó wọ́n.

Ìtàn irà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi èyí hàn kedere. Chat Moss ni orúkọ rẹ̀, lẹ́bàá ìlú Manchester. Koríko tí ó ti ń kú léra wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ó di ilẹ̀ dúdú, tí ó ń fa omi mu bí kànìnkànìn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò fẹ́ la ojú irin láti Liverpool dé Manchester, irà yìí ni ó dábùú ọ̀nà. Ní ọdún 1825, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Francis Giles sọ níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin wọn pé ẹni tí orí rẹ̀ bá pé kò ní í gba ibẹ̀ kọjá, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, owó rẹ̀ yóò tó nǹkan bí £270,000. Owó gidi nìyẹn láyé ọjọ́un.

George Stephenson ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà èédú ni, kò sì mọ ìwé kà títí ó fi tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwọn tí ó kàwé nínú ìgbìmọ̀ náà fi í rẹ́rìn-ín gidigidi. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, irà náà fi hàn pé òun kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà kan tí wọ́n mú lọ wo ibẹ̀, John Dixon, yẹ̀ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó sì rì wọ inú ẹrẹ̀. Ṣe ni wọ́n fà á yọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wá dọ́gbọ́n: wọ́n so pákó pẹlẹbẹ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ń rì dé orúnkún ń rìn kiri lórí pákó bí ẹni pé ilé ni ó wà.

Ó jọ pé ibi pákó àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Bí ẹrù bá dúró lójú kan, yóò rì. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ fẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe fẹ̀ lórí omi, ilẹ̀ yóò gbé e. Stephenson ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi, kí wọ́n hun ún bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ léra wọn bí ẹní pẹ̀lú igbó kúkúrú tí ń hù lórí irà náà gan-an. Ó tún ní kí wọ́n kó àwọn àgbá ọ̀dà tí ó ti ṣófo jọ, kí wọ́n to wọ́n ní ẹnu sí ìdí títí wọn yóò fi di ọ̀pá gígùn tí omi yóò máa gbà jáde. Àgbá tí oníṣòwò ti sọ nù ni ó di gọ́tà! Lórí ẹní igi yìí ni wọ́n da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí, kí wọ́n tó to igi ojú irin lé e.

Kò rọrùn bí ó ṣe rọrùn láti sọ. Ní apá kan irà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń da ilẹ̀ sí i tí kò sí ohun tí ojú rí. Ṣe ni irà ń gbé e mì. Àwọn olówó iṣẹ́ náà pe ìpàdé, wọ́n fẹ́ pa á tì, Stephenson ní kí wọ́n máa dà á lọ. Nígbà tí ó ṣe, ilẹ̀ yọ orí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1830, ẹ̀rọ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Rocket fa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà fún gbogbo ènìyàn. Owó tí wọ́n ná lórí irà náà kò ju nǹkan bí £28,000 lọ, ìdá mẹ́wàá ohun tí Giles sọ. Rélùwéè òde òní tí ó wúwo ju Rocket lọ ní ìlọ́po ìlọ́po ṣì ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, kí ló dé tí ẹ̀ka igi náà kò fi jẹrà láti nǹkan bí igba ọdún? Ohun tí ń jẹ igi kì í ṣe omi. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò rí, àti olú, ni wọ́n ń jẹ ẹ́, àwọn yẹn sì nílò afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó lè ṣe é kíákíá. Igi tí omi bo mọ́lẹ̀ pátápátá, tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tó o. Ní ọdún 1970, ọkùnrin kan tí ń wa ilẹ̀ irà ní Somerset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ṣalábàápàdé pákó tí àwọn ará àtijọ́ tò sórí irà láti máa fi rìn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka òrùka inú igi náà, wọ́n rí i pé ọdún 3807 tàbí 3806 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gé e. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ ọdún tí pákó náà ti wà lábẹ́ omi, igi ni ó ṣì jẹ́. Ní Amsterdam, ààfin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1648 dúró lórí òpó igi 13,659 tí wọ́n gbá wọ inú ilẹ̀ rírọ̀, ààfin náà ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Netherlands yìí kan náà ti rí ìdà kejì. Ní àwọn àdúgbò kan tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, orí òpó yọ síta nínú omi, afẹ́fẹ́ kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ilé tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láìmira bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Ẹ wá padà sí Èkó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Omi ọ̀sà ń kún, ó ń fà. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n dà sí etí rẹ̀ wà láàrin gbẹ àti tútù: omi bò ó ní òwúrọ̀, ó fà kúrò ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ sì wọ̀ ọ́. Kò sí ibi tí igi ti ń tètè jẹrà tó bẹ́ẹ̀, pàápàá igi tí ayùn ti lọ̀ kúnná, tí kò ní okun kankan tí ó so ó pọ̀ bí ẹ̀ka tí a hun. Pàǹtí abẹ́ rẹ̀ ń jẹrà pẹ̀lú, ó ń tú gáàsì tí ń rùn tí ó sì lè gbiná. Ilé kò dúró lórí ilẹ̀ tí ń le bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Orí ohun tí ń parẹ́ ni ó dúró sí. Ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀, nítorí pé yanrìn wọ́n, ilé sì ni kálukú ń wá, ṣùgbọ́n àìmọ̀ yìí ń gba owó lọ́wọ́ tálákà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ohun tí yóò jẹrà náà ni ó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni ewédú ti wọ ọ̀rọ̀. Igi ewédú tí wọ́n ń ja ewé rẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn ará India àti Bangladesh ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe òwú àpò. Àpò kókó tí gbogbo ìlú Ìbàdàn àti Oǹdó mọ̀, nínú irú òwú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń hun ún. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní yunifásítì ìjọba Singapore mú okùn èèpo àgbọn, wọ́n fi aṣọ òwú àpò yìí wé e, wọ́n sì tì í wọ inú amọ̀ rírọ̀ ní òró, bí òwú ṣe ń wọ inú àtùpà. Wọ́n da yanrìn lé orí ilẹ̀ náà kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Omi inú amọ̀ tí ì bá máa rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí ọ̀nà, okùn yìí wà nítòsí rẹ̀, ó sì gba ara rẹ̀ gòkè. Láàrin oṣù mélòó kan, amọ̀ ti fún, ó ti le. Okùn náà yóò jẹrà lẹ́yìn náà, kò sì sí ohun tí ó kan ẹnikẹ́ni, nítorí pé gàrí ti gbẹ kí àpò tó gbó.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ìjọba India ṣe ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ẹní tí wọ́n hun láti ara èèpo àgbọn ṣe ọ̀nà ìgbèríko tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,674 ní ìpínlẹ̀ méje, 71 nínú rẹ̀ ní Kerala tí àgbọn pọ̀ sí. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó da òkúta lé e, kí òkúta má baà rì wọ inú ẹrẹ̀, kí ẹrẹ̀ má sì gòkè wá pò mọ́ òkúta. Ẹni tí ó bá mọ Àgbádárìgì mọ iye èèpo àgbọn tí wọ́n ń dáná sun níbẹ̀.

Ti táyà tún yàtọ̀, nítorí pé òun kì í jẹrà ní tirẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ lórí ààtàn. Lọ́dọ̀ àwọn fọgánáísà wa, iná ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi sun irun ara ewúrẹ́, èyí tí kò dára fún ẹni tí yóò jẹ ẹran náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún táyà pọ̀, wọ́n ń fi wáyà dì í bí ìdì òwú, ìdì kan sì máa ń tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ti fi irú ìdì yìí ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀nà lórí irà ní Scotland. Ó fúyẹ́ ju yanrìn tí ó gba àyè kan náà lọ dáadáa, nítorí náà kì í tẹ irà mọ́lẹ̀ púpọ̀, omi sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkìtì táyà èyíkéyìí ni ó dára. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi táyà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kún abẹ́ ọ̀nà méjì ní ọdún 1995, ó nípọn ju mítà méje lọ. Kò pẹ́ tí ooru fi mú nínú rẹ̀, tí ó gbiná láti inú wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i, wọ́n sì ní láti hú u jáde. Láti ìgbà náà ni òfin iṣẹ́ ti wà lọ́hùn-ún pé ìpele irú táyà gígé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ nípọn ju mítà mẹ́ta lọ.

Nípa eérú èèpo ìrẹsì, èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ wa ti kọ ìwé ìwádìí púpọ̀ lé lórí, ilẹ̀ pupa ni ó ń ràn lọ́wọ́ jù, ó sì nílò sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun díẹ̀ kí ó tó lè dì. Kì í ṣe oògùn àbàtà.

Kí ni baálé ilé tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ wá lè ṣe? Ọparun wà. Àwọn ará Indonesia ń so ọparun ní ìbú àti òró bí ẹní, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí amọ̀ etí òkun kí wọ́n tó da ilẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ibi tí omi kì í ti fà kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n da yanrìn sí i ní ìpele tínrín tínrín, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí òjò ọdún kan tàbí méjì rọ̀ sí i kí bíríkìlà tó dé, ilẹ̀ tí yóò gba ọ̀nà àdúgbò tàbí ilé onípákó fífúyẹ́ lè jáde níbẹ̀. Ilé alájà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọparun. Òpó tí ó gùn dé ilẹ̀ líle ni ìyẹn ń fẹ́, ẹnjiníà tí ó ní irinṣẹ́ ìyẹ̀lẹ̀wò ni yóò sì sọ bí ilẹ̀ líle náà ti jìn tó. Àwọn Ìlàjẹ tí ń kọ́lé sórí òpó lójú omi kò tilẹ̀ bá ẹrẹ̀ jà rárá, wọ́n fo ó kọjá.

Ẹni tí ń ta ilẹ̀ kò ní í sọ bí ẹrẹ̀ ti jìn tó, bóyá òun náà kò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò lápò, ẹni tí ń ra ilẹ̀ lè mú ọ̀pá ọparun tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà ogún dání, kí ó fi ọwọ́ lásán tì í wọlẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ní àárín, lójú onílẹ̀. Bí ó bá wọlé tán láìlo òòlù, kí ó fi ìka sàmì sí orí ọ̀pá náà, kí ó bi onílẹ̀ pé èló ni yanrìn tí yóò dí ihò yẹn, kí ó sì fi iye náà kún owó ilẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.